"Kò Mọ̀ Ọ́n" àti "Kò Tíì Mọ̀ Ọ́n": Ìgbéléwọ̀n Kọ́tábáàkì Ṣáájú Ìṣàyàn Ọdún 2018

Nígbàkúùgbà tí mo bá ń wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà nínú yàrá wa, ìbéèrè tí àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń bi mí ni pé kí ni mo rí nínú eré tí àwọn géńdé ọkùnrin ti ń fi orí kan ara wọn bí àgbò. N kì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ètò eré náà tí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n, òun ni mo sì fẹ́ gbé yẹ̀ wò níwájú ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí. Ohun náà ni bí àwọn àgbàlagbà ṣe máa ń jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógún, tí wọn yóò wọn gíga rẹ̀, tí wọn yóò wọn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí wọn yóò da ìbéèrè bò ó, tí wọn yóò sì wá sọ irú ènìyàn tí yóò dà lọ́jọ́ iwájú. Àṣìṣe wọn kì í kéré. Lójú tèmi, inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń júwe ọmọ náà ni púpọ̀ nínú àṣìṣe ọ̀hún ti ń wá, ju inú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n lọ.

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, ó yẹ kí n là á yé ẹni tí kò bá mọ eré náà. Bọ́ọ̀lù yìí rí gbọọrọ, ó ṣe ṣóńṣó lójú méjèèjì, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń mú un jù. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó ń dúró ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin láti gbé e síwájú ní yáàdì 10. Bí wọn kò bá lè ṣe é, àwọn alátakò ni yóò gbà á. Ẹni tí bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kọ́tábáàkì. Ó lè fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó lè gbé e sáré fúnra rẹ̀, ó sì lè jù ú sí ọ̀kan nínú àwọn olùgbà tí wọ́n ti sáré síwájú. Kò ní ju bí ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta lọ láti fi pinnu, nítorí pé àwọn adènà ń bọ̀ wá wó o mọ́lẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ.

Ẹgbẹ́ 32 ni ó wà nínú líìgì ńlá wọn tí ń jẹ́ NFL. Ní oṣù kẹrin ọdọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ yìí máa ń pín àwọn ọmọ tí ń bọ̀ láti yunifásítì láàrin ara wọn, ní ìpele méje. Ẹgbẹ́ tí ó ṣe dáadáa jù lọ lọ́dún tí ó kọjá ni ó ń yàn kẹ́yìn, èyí tí ó ṣe burúkú jù lọ ni ó ń kọ́kọ́ yàn, àyàfi bí wọ́n bá ti ṣe pàṣípààrọ̀ ipò. Ọmọ náà kò ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ ibi tí yóò lọ. Ó dà bí lẹ́tà àgùnbánirọ̀: ibi tí lẹ́tà bá gbé ọ sí ni ìwọ yóò gbé ẹrù rẹ lọ.

Owó tí ó wà nídìí rẹ̀ pọ̀. Ní 2010, Sam Bradford tí ẹgbẹ́ St. Louis yàn ní ipò kìíní bu ọwọ́ lu àdéhùn ọdún mẹ́fà tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là 78. Mílíọ̀nù 50 nínú rẹ̀ ni yóò gbà bí ó gbá bọ́ọ̀lù, bí kò sì gbá a. Ní 2011, àdéhùn tuntun láàrin àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù dín in kù. Cam Newton, ẹni ipò kìíní ọdún náà, gba mílíọ̀nù 22 fún ọdún mẹ́rin. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ tí ó bá yan kọ́tábáàkì rere ń gba iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin ní owó táṣẹ́rẹ́, wọn a sì ná ìyókù sára àwọn ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣi ọmọ yàn, kóòṣì àti ọ̀gá tí ó yàn án ni wọ́n sábà máa ń lé lọ.

Òṣùwọ̀n wọn pọ̀ lóríṣiríṣi. Láti 1987 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ náà jọ sí ìlú Indianapolis fún àyẹ̀wò. Wọn a wọn gíga wọn títí dé ìdá ínǹṣì; wọn a wọn ọwọ́ wọn láti ṣóńṣó àtàǹpàkò dé ṣóńṣó ìka tí ó kéré jù; wọn a ní kí wọ́n sáré yáàdì 40. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tún máa ń fún wọn ní ìdánwò làákàyè kan tí ń jẹ́ Wonderlic, ìbéèrè 50 ní ìṣẹ́jú 12, kí wọ́n tó pa á tì níbi àyẹ̀wò náà ní 2022. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe lè tan ni jẹ, kí ó wo ọdún 2000. Tom Brady láti Yunifásítì Michigan sá yáàdì 40 ní ìṣẹ́jú àáyá 5.28, ẹsẹ̀ tí ó falẹ̀ gidi. Bí ẹ bá wo fọ́tò rẹ̀ níbi àyẹ̀wò náà, ẹ ó rò pé akọ̀wé báńkì ni. Kọ́tábáàkì mẹ́fà ni wọ́n yàn ṣáájú rẹ̀. Ipò 199 ni New England ti mú un, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ Super Bowl méje kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ní ọdún kan náà, Adewale Ogunleye, adènà tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Indiana, kò rí ẹgbẹ́ kankan yàn án rárá nítorí orúnkún rẹ̀ tí ó ṣèṣe. Miami gbà á wọlé lẹ́yìn ìṣàyàn. Nígbà tí yóò fi di 2003, ó ti wà lára àwọn ọ̀gá nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òun kì í ṣe kọ́tábáàkì; orúkọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè fò ó.

Kí wá ni òṣùwọ̀n kò lè wọ̀n? Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ọmọ náà láàrin ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ yẹn ni. Inú fíìmù nìkan ni a ti lè wá a. Bí èmi ṣe ń wò ó nìyí. N kì í kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ kọ́tábáàkì ni mo máa ń wò, lẹ́yìn náà ni mo máa ń wo akoto rẹ̀, nítorí pé ibi tí akoto bá kọjú sí ni ojú rẹ̀ wà. Kóòṣì ti tò ó fún un tẹ́lẹ̀: wo olùgbà kìíní, bí wọ́n bá ti dí i mọ́, wo èkejì, bí ìyẹn náà kò bá já gaara, wo ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́, ẹ ó rí i tí akoto rẹ̀ ń yí láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń bá a yí, tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ ti wà ní ìmúrasílẹ̀ láti jù nígbàkúùgbà tí ó bá pinnu. Ẹni tí iṣẹ́ kò tíì yé yóò tẹjú mọ́ ẹnì kan ṣoṣo bí ẹni tí ń retí mọ́tò, àwọn adènà yóò sì ti ojú rẹ̀ mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ.

Lẹ́yìn èyí, mo máa ń wo àkókò tí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní yunifásítì, olùgbà sábà máa ń dá wà ní gbangba, ẹni tí ó bá ní ojú yóò rí i. Nínú NFL, àyè tí ó wà láàrin olùgbà àti adènà lè má ju ìnà ọwọ́ kan lọ, kì í sì í pẹ́ dí. Nítorí náà, kọ́tábáàkì ní láti ju bọ́ọ̀lù sí ibi tí ènìyàn kò tíì dé, kí olùgbà yíjú padà kí ó sì bá a níbẹ̀. Bí ọmọ kan bá ń dúró títí tí yóò fi rí olùgbà kedere kí ó tó jù ú, ẹ fi àmì sí i. Ẹ tún wo bọ́ọ̀lù tí ó ń jù sí ẹ̀bá pápá. Ìlà méjì tí wọ́n fi ń mọ ibi tí wọn yóò gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 40 jìn sí ara wọn ní yunifásítì. Ti NFL jẹ́ 18 ààbọ̀ péré. Nítorí náà, ìhà kan pápá máa ń fẹ̀ ju ìkejì lọ gan-an ní yunifásítì, ìhà tí ó fẹ̀ yẹn sì ni agbára apá ti ń hàn.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo máa ń fi ara balẹ̀ sí jù ni ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ó ku ìgbà méjì, yáàdì mẹ́jọ ṣì wà nílẹ̀, ẹni tí ó yẹ kí ó dáàbò bò ó ti ṣubú, adènà kan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aṣọ rẹ̀ mú. Ṣé iwájú ni ojú rẹ̀ ṣì ń wò, àbí ó ti gbé ojú wálẹ̀? Èmi a máa dá fíìmù dúró níbẹ̀, mo máa ń dá a padà, mo sì máa ń tún un wò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gba ọdún 2018 lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún náà, ní ìlú Arlington ní Texas, wọ́n yan kọ́tábáàkì márùn-ún nínú ìpele kìíní. Cleveland mú Baker Mayfield ti Oklahoma ní ipò kìíní. New York Jets mú Sam Darnold ti Southern California ní ipò kẹta. Buffalo mú Josh Allen ti Wyoming ní ipò keje. Arizona mú Josh Rosen ti UCLA ní ipò kẹwàá. Ó wá ku Lamar Jackson ti Louisville. Ó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, títí tí Baltimore fi mú un ní ipò 32, èyí tí ó kẹ́yìn ìpele náà. Baltimore pàápàá ti kọ́kọ́ yan ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀ ní alẹ́ náà.

Ẹ fi Allen àti Jackson sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú gbogbo bọ́ọ̀lù tí Allen jù ní Wyoming, ìdá 56.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó dé ọwọ́ olùgbà. Ti Jackson ní Louisville jẹ́ ìdá 57.0. Méjèèjì ni ó kéré, nítorí pé àwọn olùwòye kì í fẹ́ kí ó wálẹ̀ ju 60 lọ. Allen ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 5, ó wúwo ní pọ́ùn 237, apá rẹ̀ sì ní agbára tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Jackson ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 2, ó wúwo ní pọ́ùn 216, ó sì ń sáré bí ẹtu. Jackson ti gba àmì-ẹ̀yẹ Heisman, èyí tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tí ó pegedé jù lọ, ní 2016 nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 19. Kò sí ẹni tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Louisville na Florida State ní 63 sí 20, ìgbà mẹ́rin ni Jackson fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù wọlé, ó sì ju ọ̀kan sí i. Ní ti Allen, nígbà tí Wyoming lọ bá Iowa ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 2017, Iowa nà wọ́n ní 24 sí 3; ó ju bọ́ọ̀lù nígbà 40, 23 bọ́ sọ́wọ́ olùgbà, àwọn alátakò sì já méjì gbà.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Nípa Allen, wọ́n ní ẹ̀bùn wà lára rẹ̀, pé ó kàn ku ẹni tí yóò kọ́ ọ ni. Nípa Jackson, àwọn kan ní kí ó fi ipò kọ́tábáàkì sílẹ̀ kí ó lọ máa ṣe olùgbà. Ọ̀gbẹ́ni Bill Polian sọ ọ́ ní gbangba ní oṣù kejì 2018. Ọ̀rọ̀ Polian kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ nǹkan: òun ni ọ̀gá Indianapolis ní 1998, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe iyèméjì láàrin Peyton Manning àti Ryan Leaf, Manning ni ó sì mú. Nígbà tí wọ́n dé Indianapolis fún àyẹ̀wò, Jackson kò sá yáàdì 40, kò sì bá àwọn olùgbà ṣe ìdánrawò. Ó ní kọ́tábáàkì ni òun.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ gírámà wa ti wúlò fún mi. Bí mo bá ní "Àgbàdo náà kò gbó," mo ti parí ọ̀rọ̀ àgbàdo náà. Ẹ lè máa lọ. Bí mo bá ní "Àgbàdo náà kò tíì gbó," mo ti ní kí ẹ dúró, pé ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó jọ sè é. "Ó ti gbó" ni òdìkejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni "tíì" yìí, a kì í sì í dá a lò láìsí ọ̀rọ̀ ìyísódì níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń fi ọjọ́ ọ̀la sínú ọ̀rọ̀ náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn olùwòye fi kọ ìjábọ̀ tiwọn. Bí mo bá gbé e sí èdè wa, ohun tí ó kù ni pé, Allen: kò tíì mọ bọ́ọ̀lù í jù. Jackson: kò mọ bọ́ọ̀lù í jù. Ìdá 56.2 àti ìdá 57.0, "tíì" sì wà níwájú ọ̀kan, kò sí níwájú èkejì.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹ̀tanú nìkan ni mo rí. Ìdí wà tí ẹni tí ó fẹ́ràn Jackson fi lè ṣiyèméjì. Ara rẹ̀ kò tóbi tó ti Allen, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń sún mọ́ ara wọn jù nígbà tí ó bá fẹ́ jù bọ́ọ̀lù, kọ́tábáàkì tí ó bá sì ń sáré púpọ̀ yóò máa gba ìkọlù púpọ̀. Ẹ̀rù náà tilẹ̀ ṣẹ díẹ̀: ìpalára mú un kúrò lórí pápá ní ìparí ọdún eré 2021 àti ti 2022. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ nínú gbogbo rẹ̀ pé kí ènìyàn má ṣe kọ́tábáàkì mọ́. Allen náà ń sáré, ó sì ń fara gbá.

Ọ̀rọ̀ "lọ ṣe olùgbà" yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1968, Denver yan Marlin Briscoe láti yunifásítì ní Omaha, ipò adènà ni wọ́n sì fẹ́ fi í sí. Ó gbá kọ́tábáàkì lọ́dún náà, ó sì ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní àyè náà mọ́. Buffalo sọ ọ́ di olùgbà. Ní 1977, kò sí ẹgbẹ́ tí ó yan Tony Dungy, kọ́tábáàkì Minnesota. Pittsburgh gbà á, ó sì di adènà. Warren Moon ti Yunifásítì Washington kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní yí ipò padà. Ní 1978, kò sí ẹni tí ó yàn án. Ó kọjá sí Kánádà, ó bá Edmonton gba ife-ẹ̀yẹ wọn ní ọdún márùn-ún léra, Houston sì gbà á sílé ní 1984. Ní 2006 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ilé ọlá àwọn akọni eré náà, òun sì ni kọ́tábáàkì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó wọ ibẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí. Antwaan Randle El, tí òun pẹ̀lú Ogunleye jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Indiana, ṣe kọ́tábáàkì níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí Pittsburgh yàn án ní 2002, ipò olùgbà ni wọ́n fi í sí. Ní Super Bowl ti oṣù kejì 2006, olùgbà yìí ni ó ju bọ́ọ̀lù yáàdì 43 tí Hines Ward fi wọlé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń wò ó, ẹ̀rín náà kì í sì í dùn tán.

Bí ẹni kan bá ti gbọ́ irú ìtàn yìí fún àádọ́ta ọdún, kò nílò láti kórìíra ẹnikẹ́ni kí ó tó ṣi ọmọ wò. Ọ̀rọ̀ tí ó bá nílẹ̀ ni yóò mú lò. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá" yóò bọ́ sí i lẹ́nu fún ọmọ kan, "orí rẹ̀ pé" yóò bọ́ sí i lẹ́nu fún òmíràn. Bí ó bá sì ti sọ ọ́ jáde, ohun tí ó sọ náà ni yóò máa rí nínú fíìmù. Nínú eré Louisville tí mo wò, Jackson ń yí akoto láti ọ̀dọ̀ olùgbà kìíní sí èkejì dé ẹ̀kẹta, ní ìlànà tí Bobby Petrino, kóòṣì rẹ̀ tí ó ti ṣe kóòṣì nínú NFL rí, gbé kalẹ̀. Ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Ṣùgbọ́n eré sísá rẹ̀ dára ju ohun tí ojú lè kúrò lára rẹ̀.

Ohun mìíràn wà nínú ìṣirò náà tí ó yẹ kí ó ti mú "tíì" jáde. Ní 2015, ìdá 54.7 ni Jackson. Ní 2016, 56.2, ní 2017, 59.1. Ó ń gòkè lọ́dọọdún. Ti Allen jẹ́ 56.0 ní 2016 àti 56.3 ní 2017; ojú kan náà ni ó wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tò ó sínú ìwé mi báyìí, inú mi dùn, mo rò pé mo ti rí òfin tí a ó máa tẹ̀ lé: ẹni tí ó bá ń gòkè ni kí a fún ní "tíì." Àfi ìgbà tí mo rántí pé bí èmi bá ni ọ̀gá Buffalo, tí mo sì tẹ̀ lé òfin mi, èmi náà ni ǹ bá ti kọ Josh Allen sílẹ̀.

Ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí Allen nìyí. Ní 2018, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Buffalo, ìdá 52.8. Ní 2019, 58.8. Ní 2020, 69.2. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà eré náà ni ó gbàgbọ́ pé ojú ìbọn kì í yí padà, pé ẹni tí kò bá lè ju bọ́ọ̀lù sí ojú àmì ní yunifásítì kò ní lè ṣe é níbi tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ àti apá ṣe. Olùkọ́ kan náà, Brian Daboll, wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ọdún kìíní. Ní 2020, Buffalo sì ra Stefon Diggs, olùgbà tí ó já fáfá, wá fún un. Wọ́n dúró dè é. Òun ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù lọ nínú líìgì fún ọdún eré 2024.

Jackson náà rí ẹni dúró dè é. Ozzie Newsome, ọ̀gá Baltimore tí ó yàn án, jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé irú ipò náà nínú NFL, ìṣàyàn tí ó ṣe kẹ́yìn kí ó tó fi ipò sílẹ̀ sì ni èyí. Ẹgbẹ́ náà tún ìlànà eré wọn tò láti bá Jackson mu. Ní 2019, wọ́n borí nínú eré 14, wọ́n pàdánù méjì. Jackson ju bọ́ọ̀lù 36 tí ó wọlé, kò sì sí ẹni tí ó jù tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì lọ́dún náà. Ó sì sáré yáàdì 1,206, èyí tí kọ́tábáàkì kankan kò sá rí ṣáájú rẹ̀. Gbogbo àwọn adìbò pátá ni ó dìbò fún un gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù lọ. Ó tún gbà á fún ọdún eré 2023. Polian gbà ní 2019 pé òun ṣì í wò. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan wà tí wọ́n fún ní "ti" gan-an. Josh Rosen ni. Wọ́n ní òun ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù nínú àwọn márààrún, pé ó ti gbó, ó ti ṣeé jẹ. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé ó máa ń béèrè ìdí ohun tí wọ́n bá ní kí ó ṣe. (Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan akẹ́kọ̀ọ́!) Arizona borí nínú eré mẹ́ta péré, wọ́n pàdánù 13, wọ́n lé kóòṣì lọ lẹ́yìn ọdún kan ṣoṣo, kóòṣì tuntun dé, ó yan Kyler Murray ní ipò kìíní ní 2019, wọ́n sì ta Rosen fún Miami. Kò tún rí ìdúró kan pàtó mọ́. Ǹjẹ́ ó ti gbó lóòótọ́? N kò lè sọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé "ó ti mọ̀ ọ́n" náà ń ṣe ibi: kò sí ẹni tí ó rò pé ó yẹ kí a dúró de ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n.

Darnold kò tíì pé ọmọ ọdún 21 nígbà tí New York mú un. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi lò ó, kóòṣì méjì ni ó bá ṣiṣẹ́, wọ́n sì tà á fún Carolina ní 2021. Gbogbo ayé ti ní kò mọ̀ ọ́n. Ní 2024, Minnesota lò ó, wọ́n borí nínú eré 14 nínú 17. Mayfield náà fún Cleveland ní ohun tí wọn kò rí láti ọdún eré 1994, èyí ni ìṣẹ́gun nínú ìdíje àṣekágbá, ní oṣù kìíní 2021. Ní 2022 wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ibi tí ó sì ti tún gbérí ni Tampa Bay.

Nínú ìwé tí mo fi ń kọ àkíyèsí mi sílẹ̀ nísinsìnyí, mo ti fa ìlà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá kọ "kò" nípa ọmọ kan ní apá òsì, mo gbọ́dọ̀ kọ sí apá ọ̀tún ìdí tí n kò fi kọ "kò tíì," kí n sì sọ eré tí mo ti rí i àti ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀ nínú eré náà. Ó ń fa iṣẹ́ púpọ̀. Nígbà mìíràn, apá ọ̀tún máa ń ṣófo, mo sì máa ń pa ti òsì rẹ́.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 2023, Jackson àti Baltimore fẹnu kò lórí àdéhùn ọdún márùn-ún tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù dọ́là 260. Kò gba aṣojú kankan. Òun fúnra rẹ̀ ni ó bá wọn sọ ọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìṣàyàn ọdún náà bẹ̀rẹ̀. Carolina mú Bryce Young, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 10, ní ipò kìíní. Ní ipò kejì, Houston mú C. J. Stroud, ẹni tí ìròyìn ti ń jà kiri nípa rẹ̀ pé kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò làákàyè kan. Stroud ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tí ó tayọ jù lọ nínú àwọn tí ń gbé bọ́ọ̀lù síwájú lọ́dún náà.